Ìjì Ti Ṣí Òrùlé Ilé-Ìwé Wa

Bàbá Àlíù,

Mo ti lọ sí abúlé. Ẹ ò tíì ti mọ́sálásí dé nígbà tí Àyàndìran, awakọ̀ tó máa ń gbé wa láti Ojoo, kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Tíṣà, ìjì àná ti ṣí páànù ilé-ìwé yín. Àwọn òbí ní bí ẹ ò bá yọjú lónìí, oko làwọn ń kó ọmọ lọ." Bí wọ́n bá fi lè lọ, wọn ò ní padà mọ́.

Mo mọ̀ pé òní lẹ̀gbọ́n yín fẹ́ mú mi lọ wáṣẹ́ ní Bódìjà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo jókòó dè yín, mo tún dìde, ara mi ò gbà á.

Àlíù wà lọ́dọ̀ ìyá onílé. Oúnjẹ yín wà nínú kúlà. Tí ẹ bá máa bínú, ẹ kọ́kọ́ jẹun ná.

Ìyá Àlíù