Ilé Ìgandò àti Ẹ̀bẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bẹ̀

Èmi, Jàfárù Àkànní Ọláwuyì, kápẹ́ńtà, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ìgandò, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Kíndìnrín ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe ọpọlọ. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, àfi àárẹ̀. Ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú, ìbáà jẹ́ tẹnu, mo pa á rẹ́.

1. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ Ajíbádé, tíṣà, aládùúgbò mi, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Nígbà tí ọlọ́pàá mú Mùíz ọmọ mi, tí wọ́n ní ó fọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́yà tí mo bá ní ẹnu géètì tésàn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Ó wọ súùtù, ó ní òun mọ ọ̀gá wọn, pé ọ̀la ni ọmọ yóò délé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Mùíz lọ sí kóòtù, fóònù lọ́yà náà kò lọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ ló mú mi lọ bá lọ́yà gidi.

2. Lọ́yà Fẹ́kọ́mi Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkọ̀tún, ni kí ó máa bá ẹjọ́ náà lọ títí yóò fi parí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ adájọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ṣèlérí kankan fún mi. Ó kàn bi mí pé, “Bàbá, kí ni Mùíz ti kọ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá? Ta ló sì ti lọ bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù?” Inú bí mi, torí ìlérí ni mo wá gbọ́. Ẹ máa sọ òótọ́ fún un, títí kan èyí tó ń tini lójú. Bí ó bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Sìdíkátù, ìyàwó mi àtàtà, ìwọ ni mò ń bá wí.

3. Sìdíkátù ni yóò máa gbé ilé mi ní Ìgandò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí Mùíz àti Aasiyah, ọmọ mi obìnrin, pín in. Ṣùgbọ́n ìwé ilé náà wà ní kóòtù, òun ló dúró fún béèlì Mùíz, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé òun fẹ́ tà á kí wọ́n tó dájọ́. Aasiyah, mo mọ̀ pé ẹjọ́ yìí ti sú ọ. Ó sú èmi náà. Mùíz, bí o bá sá, ìyá rẹ ni wọn yóò lé síta. Mo mọ̀ pé o kò ní í sá. Mo kọ ọ́ síbí kí o lè mọ̀ pé mo mọ̀.

4. Ayùn mi, hámà mi àti gbogbo irinṣẹ́ mi jẹ́ ti Mùíz. Àwọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ní ó lọ fọ́lé. A jọ ń kan bẹ́ẹ̀dì ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Lọ́yà ìjọba ní kí ni bàbá ẹni ì bá tún sọ.

5. Ẹ má pa àgbò mi ní fìdáù mi. Ọjọ́ tí Mùíz bá jàre ni kí ẹ pa á. Àgbò ọ̀hún ti ń darúgbó, ẹran rẹ̀ yóò yi, ẹ fara dà á jàre.

6. N kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, Àlhájì Abdulganiyy. Lóòótọ́ ni mo bínú, a ò sì sọ̀rọ̀ láti Iléyá. Nígbà tí wọ́n mú Mùíz, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn àgbà ilé lẹ́yìn, wọ́n di ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ bóyá ó jalè. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ la kọ́kọ́ ń bẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní mo ba pákó ọ̀gá mi jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì dọ̀bálẹ̀ nítorí mi lórí ẹ̀rún pákó. Èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí títí dòní. Mo fẹ́ràn wọn nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù dé iwájú adájọ́, ó ní, “Bí ọmọ wọn ò bá jalè, kí ni wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún?” Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́rùn Mùíz báyìí. Lọ́yà wa ní ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ló lè ṣàlàyé ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún fún kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, wọ́n ní, “Èmi Àlhájì, kí ọmọ kékeré tó wọ gáàùn máa da ìbéèrè bò mí?”

Àlhájì, ẹ ti bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ mi, ó wá kan èmi láti bẹ̀ yín. Ara mi kò gbà mí láyè láti dọ̀bálẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ẹni tí ìwé ìhágún bá fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ìdí tí n kò fi fún yín ní nǹkan nìyẹn: ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́, níbí àti ní kóòtù. Mo ti ránṣẹ́ pè yín. Kí Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ ka ìpín yìí sí yín létí kí ẹ tó mú bírò.

Mo fọwọ́ ara mi sí i nínú yàrá mi ní Ìgandò, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, lójú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí.

J. A. Ọláwuyì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Olútáyọ̀ Ajíbádé, tíṣà, Ìgandò.

Ẹlẹ́rìí kejì: Abdulganiyy Ọláwuyì, ẹ̀gbọ́n Jàfárù, Baruwa. Wọ́n ti kà á sí mi létí. Ọjọ́ wo ni kóòtù?