Mánsúrù Kò Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Ìgbòho,
Ọjọ́ Ajé.

Fèyísọ́lá, Àkànkẹ́ ọmọ ọmọ mi tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bódìjà, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Àwa ńlé ń dúpẹ́, ewúrẹ́ ti bí ìbejì. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí, tíṣà ẹ̀kọ́ àgbà wa ní n kò nílò akọ̀wé mọ́.

O bi mí bóyá mo gbà kí Mánsúrù fẹ́ ọ. A kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Àwọn kan a máa lọ wádìí nílùú ọkọ, èmi wádìí tèmi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ wálé, tí Mánsúrù sìn mí lọ wọkọ̀ ní Ṣàngó, a kọ́kọ́ yà nílé oúnjẹ kan ní Bódìjà. Mo lọ tọ̀, mo sì ṣe bí o ṣe kọ́ mi: n kò gbé báàgì sílẹ̀, mo fi ọṣẹ fọwọ́ títí mo fi ka oókan dé ogún, n kò sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́, mo dúró títí ẹlòmíràn fi wọlé kí n tó rọ́nà jáde. Ẹ̀rọ kan lára ògiri tiẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi, mo ní ó ṣeun, òtútù ò mú mi.

Ló bá kan Mánsúrù. Mo dúró síta tàwọn ọkùnrin, mo tẹ́tí. Mo ní bí omi bá dá kí n tó ka ogún, kò sí ìyàwó mọ́. Fèyí, mo kà á dé ọgbọ̀n, omi ṣì ń dà! Nígbà tó dá, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó ké láti inú pé kí ẹni tó wà níta jọ̀ọ́ bá òun ṣí i, òun ti fọwọ́. Mo ní èmi náà ti fọ tèmi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, bẹ́ẹ̀ la dúró.

Bó ṣe mọ ohùn mi, ó ní áà, Màmá, òun dọ̀bálẹ̀ o. Mo figbe ta pé nílẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ̀, kó dìde kíá! Ó ní kí n má bínú, ẹnu lásán lòun fi dọ̀bálẹ̀, àyà òun ò kanlẹ̀. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sàdúrà fún un láti ìta. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, Moróunkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ló fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó bi wá bóyá orí àwa méjèèjì pé. Mo ní orí wa pé, ọwọ́ wa ló mọ́.

Nítorí náà, mo gbà. Bí àwọn ẹbí bá ń bínú pé ọkọ rẹ ò dọ̀bálẹ̀ fún mi, sọ fún wọn pé ohun tí mo fi gbà á nìyẹn. Kó fi páálí ọṣẹ kan kún ẹrù ìdána.

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ kíákíá fún káfíńtà. Mo yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣáláńgá wa kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ àgbà ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀, kò rí ohun tó máa fà. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, mo ní mo ti fọwọ́. Ó ní kí n kí ọ.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ á máa fọ òsì, òsì á máa fọ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn ire á máa ṣí fún ọ kó o tó fọwọ́ kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà,
Àrìnpé.