Ojú Àwọn Ọmọ Ogun Yín

Bàámi ọ̀wọ́n,

Kí ọkàn yín balẹ̀, ogun yín ṣì wà lórí tábìlì bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó o dànù.

Alájì àbúrò yín wá lọ́jọ́ Àìkú. Fìdáù ọdún kan yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn àfáà jókòó ní yàrá yín. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọ ogun ìṣeré Napoléon, ọba Faransé àtijọ́, tí wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ, nínú ẹ̀wù búlúù wọn. Ó tún rí ìyókù nínú páálí bàtà, àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́tọ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní ère ni. Ó ní màlékà kì í wọ yàrá tí ère bá wà, kí n kó gbogbo wọn dà sí kòtò.

Inú bí mi, Bàámi. Ṣé ère ni ohun tí òyìnbó Faransé tí ẹ ń dáná fún l'Ábíjàn fi ta yín lọ́rẹ, tí ẹ gbé sórí itan títí dé Ẹ̀jìgbò, tí òjò sì ń pa ẹrù yín yòókù lórí ọkọ̀? Èmi àti ẹ̀yin la jọ kùn wọ́n. Bí búrọ́ọ̀ṣì mi bá wọnú ọ̀dà jù, ẹ ó ní "doucement," kí n rọra. Kódà bí mo bá ń rokà, "doucement" náà ni. Ẹ̀yin ni Faransé, èmi ni ọ̀tá, dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó máa ṣubú, ẹ ò sì jẹ́ kí n borí rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi ojú sí wọn, ẹ ó rọra gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo ra búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín, mo ní n ó bá yín parí iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọmọ ogun kan lé Alájì lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó fi awò rẹ̀ sójú.

"Ojú ẹ̀ dà?"

Mo ní kò sí, pé ẹ ò fi ojú sí ìkankan rí. Ó ṣí páálí kan, ó tún ṣí òmíràn. Ó wá ní ẹ̀gbọ́n òun ò gbàgbé ilé kéwú, pé ohun tí kò lójú kì í ṣe ère, kí n fi aṣọ bò wọ́n lọ́jọ́ àdúrà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ṣé nítorí kéwú ni lóòótọ́? Àbí ojú tiyín ló ti ń ṣe bàìbàì, tí ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Èyí ó wù kó jẹ́, mi ò ní fi ojú sí wọn mọ́. Bọ́tìnì ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun yẹn kùn. Bí mo bá ti ti ilé ìwé Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé, ìdí àwọn ẹlẹ́ṣin tó kù ni mò ń jókòó sí, n ó sì parí wọn. Bí fìdáù bá ti kọjá, n ó ká aṣọ kúrò, n ó parí ogun tí àìsàn yín dá dúró.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin ló kàn. N ó bá yín ju dáìsì. Bó bá bọ́ sí mẹ́fà, mẹ́fà yín ni, mi ò ní tún un jù. Ṣùgbọ́n ẹ múra o, mo fẹ́ borí.

Ọ̀tá yín lórí tábìlì,
ọmọ yín níbi gbogbo.