Ìmọ́lẹ̀ Tí Mo Wá Nínú Wàrà Ọmú Itto

Ọmọ mi Lahsen,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá ọ níbi iṣẹ́, kó sì sìn ọ́ délé. Nínú irínwó dírámù tí o fi ránṣẹ́, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ gba ọgọ́ta, fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún Itto aya rẹ nílé ìwòsàn gba igba, oògùn ikọ́ rẹ̀ gba àádọ́fà. Ọgbọ̀n ló kù. Fọ́tò náà dúdú, kò sì lójú. Mo sọ fún ọkùnrin tó yà á pé ẹni tó san igba yẹ kó rí ojú ìyàwó ọmọ ẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, egungun làwọn ń wá.

N kò lè fara balẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi yà á gba ọmú méjèèjì kọjá, Tilila ọmọ rẹ ló sì ń mu ún. Nígbà tí a délé, mo ní kí Itto fún wàrà díẹ̀ sínú ife, mo gbé e wọ inú àká ọkà tó ṣókùnkùn, mo ń wò ó bóyá ó ń tàn. Kò tàn. Mo ní ó lè jẹ́ pé ńṣe ló fara pamọ́. Itto ní òun ti sọ fún dókítà pé òun ń fọ́mọ lọ́mú, dókítà sì ní kò séwu. Mo ní ṣé dókítà ló ni ọmọ ọmọ mi ni? Agolo wàrà ìyẹ̀fun kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ti Tuda aládùúgbò wa, tó ń fún Ziri ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́mú, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé Tilila fún un.

Kó tó dọjọ́ kejì, ọmú Itto ti le bí òkúta, ibà mú un. Ẹ̀rù bà mí pé wàrà náà fẹ́ gbẹ, mo ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì abúlé. Ó bá mi wí gan-an. Ó ní ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kì í dúró nínú wàrà rárá, oògùn náà sì jẹ́ èyí tí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ yàn fún abiyamọ. Ó ní, Ìyá Lahsen, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ yéé gbé wàrà lọ àká! Ó gbé Tilila fún ìyá rẹ̀, ọmọ mu títí ó fi sùn. Ibà ti lọ, wàrà ń ṣàn.

Ṣùgbọ́n Tuda wọlé láàárọ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti di ìyá Tilila, Ziri sì ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ta ló máa wá fẹ́ àbúrò ẹ̀? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọkọ rẹ̀ ti fún mi lówó pé Tilila ni aya Ziri lọ́la, kí omi tí àwọn àti àwa fi ń rin oko lè di ọ̀kan. Ẹ̀sìn wa kò gbà kí ọmọ méjì tó mu ọmú ìyá kan náà fẹ́ra. Nítorí ọ̀fẹ́, mo ti sọ àna àti omi nù.

Má bínú sí Itto. Bí o bá fẹ́ bá mi bínú, fi owó sí i. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sunkún ọmọ, yóò bù sí àpò rẹ.

Èmi ni Yamna, ìyá rẹ.

Mo ti fi owó ọkọ Tuda tún òrùlé ṣe. Ọ̀ọ́dúnrún dírámù ni, n kò tíì san án padà.