Ilẹ̀ Ń Rìn, Súbérù Sì Gbọ́

Ìgbògbò, Ìkòròdú,
Oṣù Kẹwàá, 1956.

Mùsílímátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo kí ọ kú ooru Èkó, Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a wá ara wa tì. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí méjì. Má wo bí lẹ́tà yìí ṣe rí jákujàku, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, mi ò sì fẹ́ kí Tíṣà Adélàjà tó máa ń bá wa kọ lẹ́tà rí eléyìí.

Lẹ́tà rẹ tí o ní òyìnbó tó ń kọ́ yín sọ pé ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀, pé ibi tí ilẹ̀ méjì bá ti forí gbárí ni òkè ńláńlá ti ń yọ, pé ilẹ̀ wa àti ti Bàràsíìlì ti lẹ̀ mọ́ra rí, Adélàjà kà á fún mi níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní kó ké sókè, kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ọmọ Láwàl mọ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Èmi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́ o. Ẹni tó bá ṣàdédé sọ fún èèyàn pé a ti jọ jẹ́ ọ̀kan rí, ilẹ̀ ló fẹ́ gbà. Fọgbọ́n wádìí bóyá òyìnbó yẹn ní ìbátan ní Bàràsíìlì. Síbẹ̀ mo lọ sí Èbúté, mo bi Síkírù ọlọ́kọ̀ ojú omi bóyá Èkó ṣì wà níbi tó wà, ó ní kò kúrò, àmọ́ owó ọkọ̀ ti fi tọ́rọ́ lé. Ta ní í fi owó lé ọ̀nà tí kò gùn sí i?

Súbérù tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti lọ bá àwọn àgbà ìlú. Ó ní òun ti mọ ìdí tí pèrègún ààlà fi wọ oko òun ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, pé ilẹ̀ ló gbé e rìn, ọmọ Láwàl ló kọ ọ́, kí wọ́n dá a padà. Igi obì mẹ́fà tí mo fi ń rán ọ nílé-ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Awọnlẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí Súbérù ṣe ń sọ ọ́ ló ń wo ojú mi, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dá mi lójú rárá.

Nítorí náà, bẹ òyìnbó yín kó fi òǹtẹ̀ lu ìwé kan, kó kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni ilẹ̀ Ìgbògbò rìn ní ọdún tí a bí ọ, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, àmọ́ ó ti jókòó láti ìgbà náà, kò sì ní dìde mọ́. Bó bá bi ọ́ pé báwo la ṣe mọ ọdún náà, má dáhùn. Ọdún yẹn ni mo fi ọkọ́ ran pèrègún náà lọ́wọ́. Mo gbé ọ lọ́wọ́, mo wo oko, mo rí i pé kò tó ọmọ tọ́, ẹ̀rù bà mí.

Fi ṣílè márùn-ún rán Síkírù sí mi kí n fi se oúnjẹ fún awọnlẹ̀, tí ebi bá ń pa á, okùn rẹ̀ ò ní tọ́. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀, ìwọ lo máa ra ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ du.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láwàl.

Bí o bá kà á tán, fi iná sun ún. Má kà á síta bí mo ṣe ní kí wọ́n ka tìrẹ.