Ìjàpá Rẹ Ti Sọ Ilé Flavi Di Ilé

Anse Réunion,
La Digue.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ.

Mirena, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì kí àfẹ́sọ́nà rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù Mọ́ríṣọ̀sì kò mú yín jù? Bí o bá bèèrè wa, àlàáfíà ni a wà. Bàbá rẹ náà wà, àfi orúnkún tó máa ń dùn ún bó bá ti òkun dé. Inú ìwé ni mo ní kí n kó ọ̀rọ̀ mi sí, nítorí lórí fóònù, bí mo bá ti dárúkọ Flavi báyìí, wàá ní, “Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.” Ìwé kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Mo rí ibi tí o kọ ọ́ sí nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́ pé ilé Flavi, ìyá ìsàmì rẹ, ni o ti fẹ́ wọ aṣọ ìgbéyàwó lóṣù Kẹwàá, torí pé yàrá rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní dígí gígùn. Dígí! Mo ká ìwé náà, mo tún tú u, mo tún un kà. N kò fèsì torí inú ń bí mi, àti torí pé Kapiten, ìjàpá rẹ, dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí àyà rẹ já. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Fi sùúrù kà á.

Òótọ́ ni pé Flavi ló gbé Kapiten wá lọ́jọ́ ìsàmì rẹ, nígbà tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ. Ṣùgbọ́n ta ló tọ́ ọ? Ta ló ń ṣa ewé ọ̀dùnkún fún un, ta ló ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀, títí ó fi di ohun tí géńdé mẹ́ta kò lè gbé? Èmi ni. Àfi bí o ṣe lọ tán tí ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkarahun ti ilẹ̀kùn ọgbà láràárọ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ilé Flavi. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá sọ mí di ẹlẹ́yà: “Ìyá Mirena, ọkọ yín ti kó lọ sílé ìyàwó kékeré o!”

Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Kí ni mo bá? Flavi jókòó sórí àpótí, ó ń fi búrẹ́dì tó rì sínú tíì bọ́ ọ, ó gé ìbẹ́pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Flavi, kí lò ń fún ẹran mi jẹ?” Ó ní, “Ẹran wa, Ìyá Mirena. Àbí o ti gbàgbé ẹni tó gbé e wá?” Ló bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí ìwọ fẹ́ràn yẹn, ọmọ mi, ńṣe ló ń gún mi lọ́kàn.

N kò ní purọ́ fún ọ, mò ń jowú. Mo mọ̀ pé ó ra bàtà iléèwé fún ọ, mo mọ̀ pé òun ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló rọbí rẹ ni? Wọ́n ní bí orogún ìyá ẹni bá ju ìyá ẹni lọ, ìyá là ń pè é. Ẹni tó pa òwe yẹn, ó dá mi lójú pé kò bímọ rí.

Ni èmi náà bá gbé ìkòkò kaná. Mo se ladob, ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú wàrà àgbọn, mo fi ṣúgà sí i, mo ju odindi fànílà, èso dúdú gbọọrọ olóòórùn dídùn nì, sínú rẹ̀, irú èyí tí ìwọ fi máa ń lá ìdí ìkòkò. Kapiten jẹ ẹ́ débi pé ó kún imú rẹ̀, kò sì jáde nílé. Mo ń fi orin rìn kiri. Kò pẹ́ tí Flavi gbọ́, ó bá gbé kéèkì onírésìn jáde. Bí ó ti ń jẹ níhìn-ín ló ń jẹ lọ́hùn-ún.

Inú rẹ̀ bá dàrú. Ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀ bí omi, ó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ wú lábẹ́ ìkarahun, kò yàgbẹ́ mọ́, ó fa orí wọlé. Mo kó koríko tútù síwájú rẹ̀, kò lajú wò ó. O mọ̀ pé ìyàwó kì í jáde nínú ẹbí wa láì fọwọ́ kan ìkarahun ìjàpá rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ kan tirẹ̀, èmi náà fọwọ́ kan tèmi. Bí Kapiten bá kú, kí ni wàá fọwọ́ kàn?

Bí a ṣe ń jáde ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo rí Flavi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò lè mú un mọ́ra. Mo pariwo, “Flavi, o ti fi kéèkì pa ẹran ọmọ mi!” Ó ní, “Èwo ni kéèkì? Koríko lásán ni mò ń fún un. Ìwọ gan-an ńkọ́?” Mo ní koríko ni èmi náà ń fún un. Àwọn èèyàn bo ẹnu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà ẹran wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù Praslin. Obìnrin ni, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi èmi àti Flavi ní ohun tí à ń fún un, a tún ní koríko. Ó ní kí bàbá rẹ gbẹ́ kòtò, kí ó tẹ́ tapólì sí i, kí a bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀. A ti Kapiten wọ inú rẹ̀, dókítà ń bu omi sí i lẹ́yìn. Ìgbà tí omi náà wọ̀ ọ́ lára, gbogbo ohun tó há sínú rẹ̀ tú jáde. Dókítà fi igi tú u wò. “Ta ló ni rẹ́sìn yìí?” Flavi wolẹ̀. Inú mi dùn! Ó tún fi igi gbé nǹkan dúdú gbọọrọ kan sókè. “Fànílà yìí ńkọ́?” Bàbá rẹ, ọkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi fẹ́, ló dáhùn, ó ní, “Ti ìyàwó mi ni, dókítà. Èmi gan-an kò rí ladob jẹ mọ́ nínú ilé.”

Dókítà ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, koríko ni Ọlọ́run dá inú ẹran yìí fún. Bí nǹkan dídùn àti búrẹ́dì bá wọ ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń kan, wọ́n ń hó, ikùn á wú, aràn á sì ráyè. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ fi ìkẹ́ pa á.” Ó fún un lóògùn aràn. Koríko gbígbẹ nìkan ló fọwọ́ sí ní ilé méjèèjì.

Mo gba ìyà mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn lábẹ́lẹ̀. Mo ní, tó, kéèkì ti tán, a máa wá mọ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ gan-an. Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó ya ìgbẹ́ tó le, mo pariwo “Alelúyà” débi pé aládùúgbò yọjú. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, ó ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó kọrí sí ilé Flavi.

Mo di koríko mọ́wọ́, mo tẹ̀ lé e. Flavi kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Kapiten dúró níwájú rẹ̀, Flavi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka họ ọ́ lọ́rùn, lábẹ́ àgbọ̀n. Ìjàpá náà dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó na ọrùn gbọọrọ, ó dijú. Flavi ń ròyìn rẹ fún un: “Mirena ti ra bàtà funfun o. Mirena ní ó há òun lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní dá a padà.”

Bàtà funfun. N kò mọ̀ pé o ti ra bàtà. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú koríko lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi. Bí o bá pè mí, ohun tí mo máa ń bi ọ́ ni: ṣé o ti jẹun, kí lo jẹ, ṣé ó yó ọ? Bí o bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ tán.

Nítorí náà, gbọ́ èsì mi. Wọ aṣọ rẹ ní ilé Flavi. Ibẹ̀ ni Kapiten máa wà lọ́nàkọnà, n kò lè máa wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí Flavi tó jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èmi ni màá ṣe irun rẹ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹyọ kan níbẹ̀. Kó máa wọ bàtà fún ọ, ṣebí òun ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí o bá sì tún rà lẹ́yìn bàtà, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, jọ̀ọ́.

Ọlọ́run yóò mú ọ dé láyọ̀, òkun kò ní bínú sí ọ. Ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára, wàá bí ọmọ tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyẹn ẹni tó bí ọ,
Roselia.

Àfikún: Lánàá, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo họ Kapiten lọ́rùn. Ó dìde fún èmi náà, ó na ọrùn, ó sì dijú. Má sọ fún Flavi. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i dáadáa: ó pẹ́ lórí ìdúró fún un ju tèmi lọ.