Èémí Obìnrin Olórin Náà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá

Stamen ti parí amplifáyà tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè. Gbogbo ìlú Plovdiv ló ti gbọ́. Etí-Ajá ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, torí etí nìkan ló ní. Kò ní mítà tí a fi ń wọn ohùn. Á tẹ́tí, á mirí, á pààrọ̀ wáyà, á tún tẹ́tí. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi wọn tèmi. Ìdàrú ohùn inú rẹ̀ kéré débi pé agbára káká ni mítà fi ń rí i.

Ọjọ́rú, 5

Bàbá Hristofor, alága ẹgbẹ́ àwa tó ń ṣe ẹ̀rọ orin, ti kéde: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló máa wọ gbọ̀ngàn orin ilé ìkàwé, orúkọ ẹni tó ṣe é á sì wà lára rẹ̀. Tèmi tàbí ti Etí-Ajá. Ẹ̀yìn kọ́tìnì la máa gbé méjèèjì sí, kí ẹnikẹ́ni má fojú yàn. Ẹni márùn-ún ló máa gbọ́. Nevena ìyàwó mi wà lára wọn.

Sátidé, 8

Nevena gbé ata sísun lọ fún ìyá Etí-Ajá. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ní àwọn gbọ́ orin díẹ̀ lórí ẹ̀rọ Etí-Ajá. “Ogi, ọkọ mi, ó yẹ kó o gbọ́ ọ o. Ò ń gbọ́ bí obìnrin olórin yẹn ṣe ń mí kó tó kọrin!” Èémí! Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń wọn èémí? Ó ní, “Lọ bi mítà ẹ.” Mo bi í bóyá ó dijú nígbà tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Kò dijú gbọ́ tèmi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Owú ń jẹ mí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ ọ́n: bí ohùn ẹ̀rọ kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, etí á ní òun ló dùn jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi mítà mú wọn dọ́gba ká tó gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Etí-Ajá ní òun fẹ́ fi etí ṣe é. Mo ní kò burú — ẹnu yà á! Mo mọ̀ pé tiẹ̀ ló máa gbé ga jù. Jẹ́ kó borí ná. Ojú gbogbo wọn ni màá ti gbé mítà jáde.

Sátidé, 15

“Ẹ̀rọ kejì.” Àwọn márààrún ló wí bẹ́ẹ̀. Nevena dijú títí orin fi tán.

Wọ́n fa kọ́tìnì. Ti Etí-Ajá ni.

Mo fò dìde. Mo ní òjóóró ni, tiẹ̀ ló ga jù, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà! Bàbá Hristofor ní, “Ọmọ mi, ṣó dá ẹ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú bí orúkọ mi.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n.

Tèmi ló ga jù. Ó ga jù, ó sì tún fìdí rẹmi.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Stamen bu ọtí ràkíà fún mi. Ì bá kúkú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Nevena ti lọ gbọ́ orin ní ilé ìkàwé. Kò ní ká jọ lọ.

Mo gbé àwo orin obìnrin olórin yẹn sórí ẹ̀rọ tèmi. Mo dijú. Mo wá èémí obìnrin náà títí, n kò rí i.

Mo so mítà mọ́ ọn. Mítà ní kò sí àléébù kankan.